Má Dìde fún Ẹnikẹ́ni

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bámilóyè sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú ilé kan ní Abúlé Òkúta, ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó wọ irú bàtà tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ máa ń wọ̀. Sabina, ọmọ Ìlàjẹ ẹlẹ́ja etí ọ̀sà Bàrígà, tó ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, dí ẹnu ọ̀nà pa, kò yẹ̀ fún un. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti túká, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

“Ẹ kú ilé o,” Bámilóyè ní. “Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Èèyàn mélòó lo ń kí? Èmi nìkan ló wà níbí.”

“Mo ń kí ọ, mo ń kí ilé, mo sì ń kí àwọn tó wà lójú fèrèsé òkè yẹn tí wọ́n ń wò wá.”

Sabina gbójú sókè. Orí tó wà lójú fèrèsé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ fèrèsé sì bò ó.

“Kí lo wá ṣe, Bámilóyè?”

“Mo wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Palmgrove.”

“Ibí kọ́ ni Palmgrove.”

“Mo mọ̀. Abúlé Òkúta ni gbogbo àwọn tá a jọ wà nínú kẹ̀kẹ́ ń bọ̀. Mi ò fẹ́ da ìrìn wọn rú.”

“Bámilóyè, sọ òótọ́.”

Bámilóyè gbé báàgì sílẹ̀. Ó tún un gbé, nítorí ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn ará ilé ń gbà ló gbé e sí. Ó wá gbá a mọ́ àyà.

“Sabina, mo fẹ́ ká padà. Látìgbà tí mo ti kó lọ Abẹ́òkúta, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́.”

Ká má parọ́, ọkàn Sabina fò sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túká, àwọn ọkùnrin ti wá, wọ́n ti lọ, kò sí èyí tó mú un rẹ́rìn-ín bí i ti eléyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó le ojú koko.

“Ọjọ́ tó yẹ kí o wá rí bàbá mi ńkọ́?”

“Mo ti bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan ló ní kí n bá àwọn gbé àpò gààrí dé ibùdókọ̀.”

“Ibùdókọ̀ wo?”

Bámilóyè wolẹ̀. “Ti Ìkòròdú.”

“O gbé àpò gààrí láti Bàrígà dé Ìkòròdú!”

“A wọkọ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e lé. Ibùdókọ̀ ìtòsí ni mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń sọ. Nígbà tó yé mi, wọ́n ti súre fún mi tán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ìre àgbà padà?”

“Bàbá mi wọ agbádá jókòó dè ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àbúrò màmá mi wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti ilé. Odidi ẹja ọ̀bọ̀kún ni màmá mi sè, orí ẹja yẹn sì ń wo ẹnu ọ̀nà títí ọbẹ̀ fi dì. Ṣé o mọ ohun tí bàbá mi sọ? Wọ́n ní ọmọlúàbí ni ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ gbogbo ayé ni ọ́, àwọn ò sì lè fi ọmọ àwọn fún gbogbo ayé.”

“Wọn ò parọ́.”

“Má gbè wọ́n lẹ́yìn! Jà! Bá wọn jiyàn!”

“Bàbá rẹ ni wọ́n, Sabina. Àgbà ni wọ́n.”

Sabina fi ọwọ́ gbá ògiri. Ohun tó ń bá a jà gan-an nìyí. Kò sí ẹni tó lè bínú sí Bámilóyè pẹ́, kò sì sí ẹni tó lè gbé ilé pẹ̀lú ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pín lò. Ó ronú títí, ni ọgbọ́n kan bá sọ sí i lọ́kàn.

“Wò ó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé sinimá kékeré kan lápá Palmgrove lọ́hùn-ún. A jọ ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Àga tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, orí ẹ̀ ni wàá jókòó sí. O ò gbọ́dọ̀ dìde fún ẹnikẹ́ni títí sinimá á fi parí. Tí o bá jókòó jálẹ̀, kí o wá rí bàbá mi lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Tí o bá dìde, kí o gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kí n má sì rí ẹsẹ̀ rẹ níbí mọ́.”

“Tí àgbàlagbà bá dé ńkọ́?”

“Àgbàlagbà náà ra tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Tó bá jẹ́ aláboyún?”

“Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Bíṣọ́ọ̀bù?”

“Tíkẹ́ẹ̀tì, Bámilóyè! Gbogbo wọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì!”

“Mo gbà.”

“O máa ń gbà. Gbígbà rẹ yẹn gan-an ni wàhálà wa.”

Nígbà tí wọ́n dé ilé sinimá, ìlà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Sabina fi Bámilóyè síwájú gan-an, lẹ́yìn ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò pupa, ó lọ ra gúgúrú. Nígbà tó padà dé, ọmọbìnrin oníṣòkòtò pupa ti wọlé tipẹ́, Bámilóyè sì wà nídìí ìlà pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

“Ibi tí mo fi ọ́ sí kọ́ nìyí.”

“Mo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá kan ló ní àwọn ń kánjú, mo ní kí wọ́n kọjá. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ní ọmọ wọn lòun.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn.”

“Odidi ìlà yìí?”

“Wọ́n jọra, Sabina. Wo imú wọn.”

“Oríire rẹ ni pé ìdánwò ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára ṣe tèmi tán kí a tó wọlé.”

Wọ́n wọlé kẹ́yìn gbogbo èèyàn. Òkùnkùn ti ṣú nínú ilé, ìpolówó ọṣẹ kan ń lọ lójú ògiri. Sabina fi iná fóònù wá nọ́ńbà àga wọn. Ó rí tirẹ̀. Ní ti àga Bámilóyè, bàbá kan tó sanra, tó dé fìlà, ti jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn.

“Ẹ kú ìjókòó, sà,” Bámilóyè ní.

“Àga rẹ nìyẹn,” Sabina sọ sí i létí.

“Mo rí i. Ó bá wọn mu.”

“Ní kí wọ́n dìde.”

“Kí n ní kí ẹni tó ti jókòó dìde? Wọ́n ti fi ara mú un móoru.”

Sabina kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó tan iná sí tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Bàbá rí i pé ìlà tó wà níwájú ni àga tiwọn, wọ́n dìde, wọ́n ń kùn. Kí Sabina tó yíjú padà, Bámilóyè ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ọ̀nà láti tọrọ àforíjì. Ẹnì kan tó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lọ́wọ́ ń bọ̀ nínú òkùnkùn, ó gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

“Ta ló tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbí?” ohùn onítọ̀hún ní.

“Ẹ rọra o,” Bámilóyè dáhùn láti ilẹ̀. “Ẹ kú ìgbé ọtí.”

“Dìde, ọkùnrin yìí, kí o wá jókòó!” Sabina ní.

“Ṣé dídìde yìí ò ní lòdì sí ìdánwò?”

“Bámilóyè!”

Ó dìde, ó gbọn eruku, ó jókòó. Sabina náà jókòó, ó mí kanlẹ̀. “Ó yá. Láti ìsinsìnyí lọ. Má dìde fún ẹnikẹ́ni.”

Sinimá bẹ̀rẹ̀. Olówó kan ni wọ́n bá lókùú nínú yàrá rẹ̀, aya rẹ̀ ń sunkún, àbúrò rẹ̀ ń sunkún, ọkùnrin tó ń wa mọ́tò fún un náà ń sunkún, ojú ẹni tó pa á sì wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ Sabina lára. Bámilóyè ṣí páálí gúgúrú sórí ẹsẹ̀, ó kọ ojú sọ́tùn-ún, ó kọ ojú sósì, ó tún yíjú sẹ́yìn.

“Ẹ wá jẹun o!”

“Ta lo ń pè?”

“Mo kàn ń pè wọ́n bí a ṣe ń pè wọ́n ni. Wọ́n á ní ‘á gba ibi ire,’ a ó sì máa jẹun wa lọ.”

Ọwọ́ kan jáde láti apá ọ̀tún, ó bu gúgúrú. Ọwọ́ kejì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kẹta ò bù ú rárá, páálí ló gbé. Sabina gbọ́ bí páálí náà ṣe ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ, tó dé ìpẹ̀kun ìlà wọn, tó ṣẹ́rí sí ìlà ẹ̀yìn.

“Bámilóyè, gúgúrú wa dà?”

“Ó ń bọ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn.”

“Ta ló kọ́ ọ láti máa pe èèyàn jẹun nínú òkùnkùn?”

“Màmá mi ní tí ojú bá ń wo èèyàn lẹ́nu, kí èèyàn tètè pè é.”

“Òkùnkùn ṣú! Ojú wo ló rí ọ?”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tó ń wò mí.”

Nígbà tó yá, páálí dé láti apá òsì, ó fúyẹ́. Sabina ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Eyín àgbàdo tí kò bẹ́ ló kù nísàlẹ̀, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́.

“Wọ́n ṣẹ́ ẹ kù fún wa,” Bámilóyè ní, inú rẹ̀ dùn. “Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wò ó, mi ò dìde o. Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.”

Ọkùnrin yìí ti fi gúgúrú tọrẹ fún ìlà méjì, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àga. Sabina fi àgbàdo kan sẹ́nu, ó fọ́ ọ, ó sì ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí àwọn arúgbó Ṣómólú àti Bàrígà jókòó sílé lónìí.

Àwọn ti Ṣómólú àti Bàrígà jókòó sílé lóòótọ́. Èyí tó wà nínú sinimá ni kò jókòó. Ìyá arúgbó kan, ìyá olówó tó kú, fi ọ̀pá wọ ilé ìwòsàn lójú ògiri lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń tẹ fóònù, ẹnìkan ò dìde fún wọn. Gbogbo ilé sinimá pòṣé. Sabina rí i pé àga tòun náà ń mì, nítorí wọ́n so àwọn àga náà mọ́ra.

“Kí ló ń gbọ̀n?”

“Èmi ni.”

“Bámilóyè, inú sinimá ni ìyá yẹn wà.”

“Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni ò mọ̀.”

“Dì í mú!”

“Mo ti dì í mú. Èkejì ló ń lọ.”

Sabina gbé báàgì rẹ̀ lé e lórí itan, ó tún gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí báàgì, ó fi ara tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ wo àwọn ọmọ yìí!” Bámilóyè ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ìyá arúgbó dúró sójú wọn, wọ́n jókòó!”

“Òṣèré ni wọ́n. Wọ́n sanwó fún wọn kí wọ́n má dìde ni.”

“Wọ́n ń sanwó fún un? Èmi tí mò ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́ẹ̀ pa mí!”

“Di ojú, jàre. Má wò ó.”

Bámilóyè di ojú pinpin. Òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù.

“Tí wọ́n bá ti jókòó, sọ fún mi. Ṣé wọ́n ti rí àga?”

“Wọ́n ti rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀.”

“Ọlọ́run ṣeun. Ṣé ọ̀pá yẹn ò wọ̀ wọ́n lọ́wọ́ mọ́?”

“Wọn ò lò ó mọ́.”

“Ṣé ara wọn ti yá?”

“Wọn ò ráhùn mọ́,” Sabina ní. Ní tòótọ́, ìyá ti kú. Wọ́n ti ń kọrin lé wọn lórí, ó sì ku díẹ̀ kí Bámilóyè gbè é.

Sinimá wá dé ibi tó gbóná. Wọ́n kó gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀, ọlọ́pàá kan dúró láàárín, ó ní òun ti mọ ẹni tó pa olówó. Ó na ìka. Ìka náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá lójú aya, ó kọjá lójú àbúrò. Sabina ti yọ ìdajì ara kúrò lórí àga. Ọlọ́pàá la ẹnu, ó ní, “Apààyàn náà ni,” gbogbo nǹkan sì kú pii.

Ojú ògiri ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Ariwo sọ. Ẹnì kan gbé tọ́ọ̀ṣì wọlé, ó ní kí gbogbo ènìyàn má bínú, ẹ̀rọ sinimá ti jóná, kò ní ṣeé tún ṣe lónìí, kí kálukú fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa mọ́, kí wọ́n wá wo èyí tó kù ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n bú u, wọ́n bú ẹ̀rọ, wọ́n bú ọlọ́pàá inú sinimá tí kò tètè sọ̀rọ̀, wọ́n jáde.

“Sátidé wo!” Sabina dìde, ó fa báàgì rẹ̀ yọ. “Mo jókòó láti ọ̀sán, mo jẹ òkúta gúgúrú, mi ò sì mọ ẹni tó pa ọkùnrin yẹn! Ó yá, Bámilóyè, ká lọ.”

Bámilóyè ò mira.

“Mo ní ká lọ.”

“Sinimá ò tíì parí.”

“Ó ti bàjẹ́!”

“Bíbàjẹ́ yàtọ̀ sí píparí. Títí sinimá á fi parí lo wí.”

“Èmi ni mo wí i, èmi náà ni mo sọ pé ó tó. O yege. Dìde.”

“Rárá.”

Sabina dúró sójú kan. Látìgbà tó ti mọ ọkùnrin yìí, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Kí lo wí?”

“Mo ní rárá.” Bámilóyè náà fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀, ẹnu ya òun pàápàá. “Ó kọ́kọ́ há mi lọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n ó ń jáde.”

“Wọ́n máa tilẹ̀kùn mọ́ wa.”

“Rárá.”

“Ooru ń mú.”

“Rárá. Ṣé o rí i? Ó ti ń já geere.”

Sabina rí i pé agbára ò ní ṣe é. Ó yí ohùn padà.

“Bámi, wẹ̀yìn. Ìyá arúgbó kan dúró lẹ́yìn rẹ.”

“Ẹ kú ìdúró, mà,” Bámilóyè ní, kò wẹ̀yìn.

“Wọ́n gbé ẹrù.”

“Kí wọ́n sọ̀ ọ́.”

“Kò sẹ́ni tó máa bá wọn sọ̀ ọ́.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo ti wà lórí ìdúró.”

“Aláboyún ni wọ́n!”

“Ìyá arúgbó?”

“Àánú Ọlọ́run pọ̀!”

“Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ kú oríire, mà.”

“Bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn wọn!”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bá wọn sọ ọmọ náà lórúkọ.”

Inú bí Sabina débi pé ó fẹ́ fi báàgì là á. Ṣùgbọ́n nínú ìbínú náà, kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wá láti ọjọ́ yìí wá ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, tó ya olórí kunkun, tó le bí igi, tó sì tún lẹ́wà sí i lójú.

“Gbogbo ayé lo ń gbà fún,” ó ní. “Èmi wá lo fẹ́ fi kọ́ àìgbà?”

“Ìwọ lo kọ́ mi.”

“Ọ̀sán òní ni mo kọ́ ọ!”

“Orí mi pé.” Ohùn Bámilóyè wálẹ̀. “Sabina, gbogbo ọ̀nà Ìkòròdú ni mo fi sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ń retí mi. Mo mọ̀ pé mò ń pàdánù rẹ. Ẹnu mi ò sì lè sọ pé, bàbá, ó tó. Tí mo bá dìde lórí àga yìí kí sinimá tó parí, ọkùnrin ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣì jẹ́. Ojú rẹ̀ sú mi láti máa rí nínú dígí.”

Sabina gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tó parí ẹ̀, Bámi.”

“Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo wá lò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ṣáà ní òpin tiẹ̀.”

Ìlẹ̀kùn dún. Bàbá ọlọ́dẹ wọlé, wọ́n ń tiro, wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì dání, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Irun wọn funfun báláú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn, àwọn ti wà lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀, orókún ń dun àwọn. Sabina di ojú. Gbogbo arúgbó tó fi ń purọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan, ojúlówó wọn ló dé yìí.

Bámilóyè fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di apá àga mú. Òógùn tún bò ó.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó ní. “Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú orókún. Ẹ kú òkùnkùn. Ẹ kú kọ́kọ́rọ́. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè dìde.”

Bàbá tan iná sí i lójú. Wọ́n tan án sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n wá yí tọ́ọ̀ṣì sí Sabina, wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe arákùnrin yìí, ta ló sì jẹ́ sí i.

Sabina kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má gbé e gbóná. Kò rí yín fín. Ẹ ò lè rí ọmọlúàbí bí i tiẹ̀ ní gbogbo Bàrígà. Èmi ni mo dá a dúró síbẹ̀. Ẹ bá mi forí jì í, ọkọ mi ni.”

Bámilóyè fò dìde bí ẹni tí iná mànàmáná gbé.

“Kí lo pè mí?”

“Mi ò pè ọ́ ní nǹkan kan.”

“O pè mí! Etí mi méjèèjì ló gbọ́! O ní ọkọ mi!”

“Bámilóyè.”

“Níwájú àgbàlagbà! Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́?”

“Bámilóyè, wo ẹsẹ̀ rẹ.”

Bámilóyè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wà lórí ìdúró ṣánṣán. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

“Mo ti dìde,” ó ní.

“O ti dìde.”

“Sinimá ò sì tíì parí.”

“Kò tíì parí.”

Ẹ̀rù ba Sabina pé ọkùnrin yìí á gbà báyìí náà, pé á gbé báàgì, á ní ó dáa, á máa lọ sí Abẹ́òkúta. Bámilóyè la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là.

“Rárá,” ó ní. “Mi ò gbà. O ní kí n má dìde fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì dìde fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo dìde fún. Tí bàbá rẹ bá ní èyí ò tó, màá jókòó síwájú wọn, màá bá wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Ẹ̀rín gba Sabina lẹ́nu, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn kọjá ohun tó lè fi pamọ́.

“Lọ́la lẹ́yìn ìsìn,” ó ní. “Tí o bá pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà, sáré. Jókòó ná, kí n nu ojú mi, ká tó máa lọ.”

Bámilóyè wẹ̀yìn láti jókòó. Bàbá ọlọ́dẹ ti wà lórí àga náà. Wọ́n ti tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí, wọ́n ti na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, wọ́n sì ti di ojú.

“Ọlọ́run á fi ọmọ jíǹkí yín,” bàbá ní, wọn ò la ojú. “Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tó máa dìde fún mi nínú ilé yìí.”

Sabina wo Bámilóyè. Bámilóyè wo Sabina. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí bàbá náà.

“Bàbá, ẹ gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n títí di Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dìde fún ẹnikẹ́ni o. Ìyàwó mi kì í fẹ́ ẹ.”